Ẹ̀yin Tí Ẹ Ń Wá Agbaṣẹ́ṣe, Ẹ Jókòó Kí N Bá Yín Wí

Ẹ jókòó. Ẹni tí kò bá rí àga kó fìdí lélẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ orí ìdúró, kì í sì í ṣe èyí tí èèyàn ń fi etí kan gbọ́ kó máa fi ojú méjèèjì wo fóònù. Mo ń pe ẹ̀yin ọ̀gá tí ẹ wà ní bíró ní Kútọnu. Mo ń pe ẹ̀yin agbaṣẹ́ṣe tí ẹ ń gbé báàgì kiri láti ẹnu ọ̀nà mínísítà kan dé ti òmíràn. Mo ń pe ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ kẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ǹpútà ní Pàràkú àti ní Calavi. Ẹ̀yin ará ilé mi níbí ní Tchaourou, ẹ má rò pé ẹ ti bọ́. Ó máa kàn yín kí n tó dákẹ́.

Rédíò ológun ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, kì í sì í ṣe àpótí rẹ̀, bí kò ṣe ohun tí wọ́n kọ sínú rẹ̀. Nígbà tí àwa wà léwe, irin àti wáyà ni rédíò. Bó bá dákẹ́, ẹni tó mọ wáyà jó yóò tú u, yóò jó o, á sì tún fọhùn. Ti òde òní, kọ̀ǹpútà ni wọ́n wọ ẹ̀wù rédíò fún. Ètò tí wọ́n kọ sínú rẹ̀ ló ń yan ojú ìgbì tí ohùn máa gbà. Òun ló ń mú kí ohùn náà máa fò láti ojú ìgbì kan sí òmíràn, lọ́pọ̀ ìgbà kí èèyàn tó ṣẹ́jú, kí ọ̀tá má bàa rí i dì mú. Òun ló ń di ọ̀rọ̀ tí ọ̀gá sọ ní Kandi kó tó gbéra, òun náà ló ń tú u fún ọmọ tó lúgọ sínú igbó ní Karimama. Àpótí lè wà bó ṣe wà fún ogún ọdún. Ètò inú rẹ̀ kò lè wà bẹ́ẹ̀, torí àwọn tó ń wá ọ̀nà láti gbọ́ ohun tí kò yẹ kí wọ́n gbọ́ kì í sùn. Ìdí nìyẹn tí gbogbo ìjọba ayé fi ń wá agbaṣẹ́ṣe tí yóò máa sọ ọ́ dọ̀tun. Wíwá tí ẹ ń wá wọn kò bí mi nínú. Bí ẹ ṣe ń wá wọn ló bí mi nínú.

Ẹ má sọ fún mi pé ogun ọ̀hún jìnnà sí wa. Títì tó ti Kútọnu lọ sí Malanville, ìlú wa ló gbà kọjá. Kámíọ̀ ológun tó bá ń ti gúúsù gòkè lọ sí Alibori, a ń rí iná rẹ̀ lóru, a ń gbọ́ ìró rẹ̀ láti orí ẹní. Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́ wà nínú rẹ̀, ọmọ Ìbàrìbá wà nínú rẹ̀, Fúlàní wà níbẹ̀, Fọ̀n wà níbẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejìlá ọdún 2021 ni àwọn agbébọn kọlu ibùdó àwọn ọmọ ogun wa ní Porga, lẹ́bàá ààlà Burkina Faso, méjì nínú wọn kò sì dìde mọ́. Nígbà tó di oṣù Kìn-ín-ní 2022, ìjọba dá iṣẹ́ ogun tí wọ́n pè ní Mirador sílẹ̀, wọ́n kó ọmọ ogun tó tó 3,000 lọ sí àríwá. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kìn-ín-ní 2025, wọ́n tún kọlu ibùdó wọn níbi tí Benin, Burkina Faso àti Niger ti forí kanra. Nǹkan bí ọgbọ̀n ọmọ ogun ló kú lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹrin ọdún náà, wọ́n padà wá síbẹ̀, wọ́n sì tún ya ibi tí omi Koudou ti ń já láti orí àpáta. Ìjọba kọ́kọ́ ní mẹ́jọ ló kú. Nígbà tó fi máa tó ọ̀sẹ̀ kan, mẹ́jọ ti di 54.

Lẹ́yìn ìkọlù ti oṣù Kìn-ín-ní, Kọ́nẹ́ẹ̀lì Faizou Gomina, olórí òṣìṣẹ́ Ẹ̀ṣọ́ Orílẹ̀-èdè, jáde sọ pé wọ́n lu àwọn bolẹ̀, àti pé ibùdó tí wọ́n kọlù wà lára èyí tó lágbára jù lọ tí àwọn ní. Ó ní kí àwọn ọ̀gá abẹ́ òun jí lójú oorun. Mo yìn ín fún òótọ́ tó sọ. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tó sọ dáadáa. Ibi tó lágbára jù! Ìbọn wà níbẹ̀ nígbà náà, ọta wà níbẹ̀. Mi ò wí pé rédíò ló pa wọ́n. Ẹni tí kò sí níbẹ̀ kì í ṣe ẹlẹ́rìí. Ohun tí mo wí ni pé nínú igbó àríwá tó tóbi tó bẹ́ẹ̀, tí fóònù kì í ríran ní ọ̀pọ̀ ibi, ohun tó wà láàárín ibùdó tí wọ́n yí ká àti ibùdó tó lè ràn án lọ́wọ́ kò ju ohùn lọ.

Yorùbá ní ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Gbogbo ìgbà tí a bá pa òwe yìí, ajá la máa ń bú. Kò sẹ́ni tí í bi ọdẹ léèrè pé ta ló gbẹ́ fèrè rẹ, ṣé ó ń dún, ta ló sì tún ní irú rẹ̀ lọ́wọ́. Lónìí, mo fi ajá sílẹ̀. Ọdẹ ni mo wá bá.

Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ ti sọ àṣírí di ibòjú. Òfin iṣẹ́ àgbàṣe ìjọba nílẹ̀ Benin, èyí tí wọ́n fọwọ́ sí ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹsàn-án 2020, yọ àwọn ohun ààbò tó gba àṣírí sẹ́yìn. Òfin Nàìjíríà ti ọdún 2007 náà yọ ọ́, àfi bí ààrẹ bá fọwọ́ sí i. Mi ò bá òfin jà. Kò sí ọlọ́gbọ́n tí yóò kọ ojú ìgbì àwọn ọmọ ogun rẹ̀ sójú ìwé ìròyìn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí ọmọ ogun ń sọ ló yẹ kó jẹ́ àṣírí, kì í ṣe orúkọ àbúrò ìyàwó tí wọ́n gbé iṣẹ́ fún. Iye owó, ohun tí agbaṣẹ́ṣe náà ti ṣe rí, ọjọ́ tó dá pé òun máa parí, ìyà tó máa jẹ bí kò bá parí: èwo ni ọ̀tá lè fi yìnbọn nínú wọn? Kí àwọn aṣòfin ní Àjàṣẹ́ rí i, ì báà jẹ́ nínú yàrá tí wọ́n ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa. Bí ẹ bá fi aṣọ kan náà bo ojú ìgbì àti ẹ̀gúnjẹ, ẹ máa gbàgbé èyí tí ẹ ń bò níjọ́ kan. Mo ti dàgbà tó láti mọ èyí tí ẹ máa ń rántí.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní òdìkejì odò Ọ̀kpára. Ní ọdún 2010, ìjọba Nàìjíríà gbé iṣẹ́ kan fún ilé iṣẹ́ ZTE ti Ṣáínà. Wọ́n ní kó ṣe ọ̀nà ìbánisọ̀rọ̀ tuntun fún ọlọ́pàá àti àwọn agbófinró yòókù, kó sì gbé kámẹ́rà 2,000 kọ́ sí Àbújá àti Èkó. 470 mílíọ̀nù dọ́là ni wọ́n dá lé e. Báńkì Exim ti Ṣáínà ló yá wọn ní èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Wọ́n ri òpó, wọ́n fa wáyà, wọ́n ya fọ́tò. Kò pẹ́ kò jìnnà, òpó ṣì wà lójú títì, kámẹ́rà ṣì wà lórí òpó, ó ń wo ọkọ̀ tó ń kọjá bí ère ṣe ń wo èèyàn. Ilé aṣòfin pe ìgbìmọ̀ lé e lórí lẹ́ẹ̀kan, wọ́n tún pe òmíràn. Mínísítà ètò ìṣúná dúró níwájú wọn, ó ní gbèsè rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀ tí àwọn ń san. Ẹ̀rọ ti kú, gbèsè ń mí.

Àwọn kan máa sọ pé Ṣáínà ló jẹ̀bi. Ọ̀rọ̀ ọ̀lẹ nìyẹn. Ṣáínà mọ ẹ̀rọ ṣe, ẹ̀yin náà mọ̀. Lójú tèmi, ẹni tó ra ẹ̀rọ ló jẹ̀bi, ẹni tó ra ohun èlò láìbéèrè pé ta ni yóò máa tọ́jú rẹ̀ ní ọdún karùn-ún, ta ni yóò máa san owó iná rẹ̀, ta sì ni yóò tún ètò inú rẹ̀ kọ bí àwọn tó kọ ọ́ bá ti padà sílé. Ọjọ́ tí wọ́n bá ṣí iṣẹ́ ni wọ́n máa ń rí. Ọjọ́ yẹn ni ìlù ń dún, ni wọ́n ń gé ríbọ́ọ̀nù, ni tẹlifíṣàn ń bọ̀. Ètò inú kọ̀ǹpútà kò ní ríbọ́ọ̀nù tí èèyàn lè gé. Nítorí náà, kò sí olóṣèlú tó fẹ́ fi orúkọ rẹ̀ sí ìtọ́jú.

Èyí tó tún burú ju ẹ̀rọ tó kú lọ ni ẹ̀rọ tó wà láàyè tó ń jẹ́ iṣẹ́ fún ẹlòmíràn. Ilé iṣẹ́ kan wà ní Switzerland nígbà kan tí wọ́n ń pè ní Crypto AG. Ẹ̀rọ tí ìjọba fi ń di ọ̀rọ̀ àṣírí ló ń tà. Ìjọba tó lé ní 120 ló bá a rajà, Nàìjíríà sì wà lára wọn. Kí ló fà á tí wọ́n fi yàn án? Wọ́n ní Switzerland kì í gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni, kì í bá wọn dá sí ogun, ọmọlúàbí ni. Ní oṣù Kejì 2020, ìwé ìròyìn Washington Post ti Amẹ́ríkà pẹ̀lú tẹlifíṣàn ZDF ti Jámánì àti SRF ti Switzerland fúnra rẹ̀ tú àṣírí náà: láti ọdún 1970, CIA ti Amẹ́ríkà àti àjọ amí ilẹ̀ Jámánì ló jọ ra ilé iṣẹ́ náà lábẹ́lẹ̀. Wọ́n ti rí sí i pé ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí wọ́n ń tà kò ní ṣòro fún àwọn láti tú. Jámánì yọwọ́ ní 1993. Amẹ́ríkà dúró síbẹ̀ títí wọ́n fi ta ilé iṣẹ́ náà ní 2018.

Ẹ ro ohun tí mo sọ yẹn wò. Ààrẹ á jókòó sí ààfin rẹ̀, á kọ ọ̀rọ̀ tí kò lè sọ létí ìyàwó rẹ̀, á fi ẹ̀rọ dì í, á rò pé òun ti tì í pa. Owó àwọn aráàlú ló fi ra ẹ̀rọ náà. Iṣẹ́ tó ń rán kò tíì dé ọ̀dọ̀ ẹni tó rán an sí tí wọ́n fi ń kà á ní òkè òkun. Ìyẹn ò sì gba ìbọn kankan, kò gba olè, kò gba ọ̀dàlẹ̀. Ìwé àdéhùn ni wọ́n fi ṣe é, pẹ̀lú òǹtẹ̀ àti ìbọwọ́lùwé.

Ẹ má sì sọ pé ayé àtijọ́ nìyẹn. Ní 2023, àwọn olùwádìí kan láti Netherlands rí i pé ọ̀kan lára ọ̀nà tí rédíò TETRA ń gbà di ọ̀rọ̀, rédíò tí ọlọ́pàá àti ológun ń lò ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, ni wọ́n ti mọ̀ọ́mọ̀ dín agbára rẹ̀ kù. Kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n ní ó gùn ní bíìtì 80, bíìtì 32 péré ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Kọ̀ǹpútà tí ọmọléèwé ń gbé kiri lè já a. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn tó ra rédíò náà fi ń sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀, torí pé ẹni tó tà á fún wọn ní kò séwu, kò sì sẹ́ni tó gbà láti jẹ́ kí wọ́n wo inú rẹ̀.

Àwọn baba wa mọ èyí láìkàwé. Nígbà tí wọ́n bá hun àrokò, tí wọ́n so owó ẹyọ àti ìyẹ́ mọ́ okùn, ìránṣẹ́ tó gbé e lọ lè má mọ ohun tó wí. Ẹni tó hun ún mọ̀, ẹni tí wọ́n hun ún sí mọ̀. Bí wọ́n bá mú ìránṣẹ́ lọ́nà, tí wọ́n nà án títí ilẹ̀ fi ṣú, kò ní nǹkan kan tó lè jẹ́wọ́. Baálẹ̀ wo ló máa ní kí àjèjì wá bá òun hun àrokò ogun, kí àjèjì náà sì mú ìtumọ̀ rẹ̀ lọ sílé? Òun gan-an ni ẹ ń ṣe bí ẹ bá buwọ́ lu ìwé tó sọ pé agbaṣẹ́ṣe nìkan ló ní àkọsílẹ̀ ètò náà, òun nìkan ló lè ṣẹ̀dá kọ́kọ́rọ́, òun nìkan ló lè tún un ṣe, ọdọọdún lẹ sì gbọ́dọ̀ san owó kí ó má bàa pa á mọ́ yín lórí. Ọjọ́ tí ẹ bá bá a jà, tàbí tí orílẹ̀-èdè rẹ̀ bá bá wa jà, àwọn ọmọ tó wà ní Karimama ló máa kọ́kọ́ mọ̀.

Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé kí ẹ tó fún un ní kọ́bọ̀: àkọsílẹ̀ ètò náà, ẹ̀dà kan ní ọ̀dọ̀ yín. Kọ́kọ́rọ́, ọmọ ogun Benin ni kó máa ṣẹ̀dá rẹ̀, nínú yàrá tí agbaṣẹ́ṣe kò ní wọ̀. Kí ẹlòmíràn tí kì í ṣe ará ilé iṣẹ́ rẹ̀ tú u wò. Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ẹ ní ASIN ní Kútọnu, àjọ tó ń bójú tó ètò kọ̀ǹpútà ìjọba. Àwọn ọmọ tó mọ̀wé wà níbẹ̀. Bí agbaṣẹ́ṣe bá ní òun ò lè jẹ́ kí wọ́n wò ó, ẹ ní kó máa lọ, kẹ́ ẹ sì fún un lómi mu torí oòrùn.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé àwọn òyìnbó nìkan ló mọ̀ ọ́n ṣe. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá rédíò tuntun fún ọmọ ogun wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n sọ orúkọ rẹ̀ ní Bowman. Ní ọdún 2000, wọ́n gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ àwọn tó kọ́kọ́ ń ṣe é, lẹ́yìn náà wọ́n gbé e fún ẹlòmíràn. Nígbà tó dé ọwọ́ àwọn ọmọ ogun tán, àwọn fúnra wọn ń fi lẹ́tà orúkọ náà ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní ó sàn kí àwọn mú máàpù àti Nokia lọ sójú ogun. Ní 2017, wọ́n fún ilé iṣẹ́ General Dynamics ní 330 mílíọ̀nù pọ́n-ùn láti bẹ̀rẹ̀ èyí tó máa rọ́pò rẹ̀. Ní òpin 2023, wọ́n fagi lé àdéhùn yẹn. Jámánì ní tirẹ̀ ra rédíò tí owó rẹ̀ lé ní bílíọ̀nù kan yúrò. Nígbà tó di 2023, àṣírí tú pé kò sẹ́ni tó ti rò ó bí wọ́n ṣe máa kó o sínú àwọn ọkọ̀ ológun. Ọkọ̀ ń bẹ, rédíò ń bẹ, àyè ò sí. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo gbọ́ ọ, n kò purọ́. Ṣùgbọ́n Jámánì lè ju bílíọ̀nù kan nù kó tún mú òmíràn. Àwa ńkọ́?

Bí wọn ì bá ti gbé rédíò kan ṣoṣo lọ síbi ọkọ̀ kan ṣoṣo ni, wọn ì bá ti mọ̀. Nítorí náà, ẹ dẹ́kun yíyan agbaṣẹ́ṣe nínú yàrá tó ní ẹ̀rọ amúlétutù, níbi tí ọkùnrin kan ti ń tan àwòrán sára ògiri. Ògiri kì í ní kùrukùru. Ẹ gbé ohun tó kọ lọ sí Alibori nígbà tí ọyẹ́ bá ń fẹ́, tí eruku bo ohun gbogbo, kẹ́ ẹ tún gbé e lọ nígbà tí òjò bá ń rọ̀ tí ewé kún. Ẹ fún kọ́pọ́ràlì, ẹ má fún kọ́nẹ́ẹ̀lì. Ẹ jẹ́ kí ó lò ó lóru, kí bátìrì rẹ̀ fẹ́ tán, kí ọwọ́ rẹ̀ máa gbọ̀n. Bí ó bá gba kó tẹ bọ́tìnnì mẹ́fà kó tó lè sọ pé wọ́n ti yí wa ká, ètò náà kò dára, bó ti wù kí ẹni tó kọ ọ́ ní ìwé ẹ̀rí tó.

Ẹ bi í léèrè pẹ̀lú bóyá ó lè bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀. Àwọn tó wà nínú igbó ọba tí wọ́n ń pè ní W ní àríwá kì í ṣe ọmọ ogun nìkan. Àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó African Parks ń bójú tó o láti 2020. Ọlọ́pàá náà wà, èyí tí wọ́n pa pọ̀ mọ́ jándáámù ní 2018. Bí oníkálukú bá ra tirẹ̀ lọ́wọ́ agbaṣẹ́ṣe tirẹ̀, ilé Bábélì la kọ́ yẹn. Àti pé ààlà wa pẹ̀lú Nàìjíríà kò jìn síbí. Ní òpin oṣù Kẹwàá 2025, àwọn agbébọn JNIM tó ń pa àwọn ọmọ wa ní àríwá kéde pé àwọn ti pa ọmọ ogun Nàìjíríà ní ìpínlẹ̀ Kwara, ọ̀dọ̀ àwọn ìbátan wa. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kejìlá ọdún náà, nígbà tí àwọn ológun kan yọ lórí tẹlifíṣàn ní Kútọnu pé àwọn ti gbàjọba, ọkọ̀ òfuurufú Nàìjíríà ló wá ràn wá lọ́wọ́. Ẹni tó wà lókè ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tó wà nílẹ̀ ń sọ Faransé. Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ kọ́ ló yẹ kí a ṣẹ̀ṣẹ̀ máa bi ara wa pé ojú ìgbì wo la jọ máa lò.

Ó wá kan ẹ̀yin agbaṣẹ́ṣe. Mo mọ irú yín. Lónìí ẹ ń ta símẹ́ńtì, lọ́la ẹ ń pèsè àga iléèwé, lọ́túnla ẹ ti di ògbóǹkangí nínú ìbánisọ̀rọ̀ ológun. Kò sí ẹnì kan ṣoṣo nínú ilé iṣẹ́ yín tó lè kọ ìlà ètò kan. Bí iṣẹ́ bá já mọ́ yín lọ́wọ́, ẹ ó tà á fún ẹni kejì, ẹni kejì á tà á fún ẹni kẹta, ẹni kẹta á wá ọmọ kan ní ìlú kan tí ẹ ò dé rí, ọmọ tí kò mọ̀ pé ológun ló máa lò ó. Olúkúlùkù ti yọ tirẹ̀ lọ́nà. Ohun tó dé ọwọ́ ọmọ ogun ni ìyókù. Ẹ tún wá ń pe ara yín ní ẹni tó ń sin ìlú. Ẹ lọ máa ta símẹ́ńtì. Iṣẹ́ gidi ni símẹ́ńtì, ilé ń bẹ tí a fẹ́ kọ́.

Ẹ̀yin ọmọ kọ̀ǹpútà, ìbínú mi sí yín yàtọ̀, torí pé ẹ lè ṣe é. Ẹ máa ń sọ pé ìjọba kò mọ̀ yín, òyìnbó nìkan ni wọ́n ń pè. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Ní 2020, nígbà tí Benin ṣí ibi tí èèyàn ti lè gba ìwé ìjọba lórí fóònù, Estonia ni wọ́n lọ bá, orílẹ̀-èdè tí àwọn èèyàn rẹ̀ kò tó mílíọ̀nù méjì. Ṣùgbọ́n kí ni Estonia ṣe tí ẹ ò lè ṣe? Wọ́n jókòó ti iṣẹ́ kan, wọ́n ṣe é fún ogún ọdún. Ẹ̀yin, kí oṣù mẹ́fà tó pé, ẹ ti sá kúrò lórí iṣẹ́ tí kò mówó yá wá, ẹ ti lọ kọ ètò tẹ́tẹ́ fún ẹni tó ń gba owó lọ́wọ́ àwọn ọmọ ọlọ́kadà. Ta ló máa fi ẹ̀mí ọmọ ogun lé irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀? Nígbà ogun Kírìjì, àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó wà l'Ékòó kò kàn fi ìbọn tuntun ránṣẹ́ sílé. Àwọn tó mọ̀ ọ́n lò bá ìbọn náà wá sójú ogun, wọ́n dúró tì í, wọ́n kọ́ àwọn tó wà nílé. Èmi ò tíì rí èyí tó dúró tì í nínú yín.

Àwa ará Tchaourou ló kù. Mo ní ẹ ò tíì bọ́. Bí kámíọ̀ ológun bá ń kọjá lójú títì, fóònù yín ti jáde. Ẹ ń ka iye rẹ̀ sókè, ẹ ń sọ aago tó kọjá, ẹ ń júwe ìbọn tó wà lórí rẹ̀, ó ti dé orí WhatsApp kí ọkọ̀ tó dé Pàràkú. Ẹ ní orin ni ẹ fi sí i, àdúrà ni ẹ ń gbà fún wọn. Amí wo ló tún kù tí ọ̀tá máa sanwó fún? Ní oṣù Kẹta 2024, tẹlifíṣàn Rọ́ṣíà gbé ohùn àwọn ọ̀gágun òfuurufú Jámánì jáde, níbi tí wọ́n ti ń jíròrò lórí ohun ìjà. Ọ̀kan nínú wọn wà ní òtẹ́ẹ̀lì ní Singapore, ó gba ọ̀nà tí kò láàbò wọlé sínú ìpàdé náà. Jámánì tó ní owó àti ẹ̀rọ, ẹnu ẹnì kan ló tú u. Bí ìjọba bá rí agbaṣẹ́ṣe tó dára jù láyé, tó di ọ̀rọ̀ débi tí CIA ò lè tú u, ìwọ ọmọ tó dúró síbi ìyá oníkókò ti tú u fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́.

Ẹ fi fóònù yẹn sápò. Bí ẹ bá fẹ́ gbàdúrà fún wọn, Ọlọ́run kò sí lórí TikTok nìkan.

Ẹ̀yin ọ̀gá, ìgbà ọyẹ́ tó ń bọ̀ ni mo dá fún yín. Ẹ gbé rédíò náà lọ sí Karimama, kẹ́ ẹ mú agbaṣẹ́ṣe yín dání, kó sùn níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan pẹ̀lú àwọn ọmọ tó máa lò ó. Bó bá padà wá tó ní òun ṣì fẹ́ iṣẹ́ náà, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ owó. Ẹni tó bá sì rò pé òun á gba ẹ̀yìnkùlé wá bá mi torí àwọn tí mo mọ̀ ní Kútọnu, kó má wulẹ̀ da owó epo rẹ̀ nù. Mi ò mọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀ mọ́.